Kì í Ṣe Benoît Ló Kun Ògiri Náà

Ilé Benoît Oníṣu,
Ẹsẹ̀ Òkè, lójú ọ̀nà Akofodjoulè,
Dassa-Zoumè,
Dahomey.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 1966.

Sí Alága,
Ìgbìmọ̀ Àfihàn Ọnà Ìbílẹ̀,
Kútọnu.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌWÉ ÌPÈ TÍ Ẹ FI RÁNṢẸ́ SÍ ỌKỌ MI, ÀTI LÓRÍ ẸNI TÍ Ó KUN ÒGIRI ILÉ WA GAN-AN

1. Èmi ni Euphrasie, ìyàwó Benoît, àgbẹ̀ oníṣu ní Ẹsẹ̀ Òkè ní Ìdáàṣà, tí ìjọba ń kọ ní Dassa-Zoumè. Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ó jókòó pẹ̀lú yín nínú ìgbìmọ̀. Àwọn obìnrin Ìjọ Àgùdà ni wọ́n kọ́ mi ní ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Faransé tí wọ́n kọ́ mi tó láti ka orúkọ ènìyàn àti ọjọ́ inú oṣù, kò tó láti gba ọkọ mi sílẹ̀. Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí, nítorí wọ́n sọ fún mi pé ọmọ Kétu ni akọ̀wé yín, yóò sì kà á fún yín bí mo ṣe kọ ọ́. Mo bẹ akọ̀wé náà, kó má ṣe yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, ì báà jẹ́ ibi tí ẹ̀rù mi ti hàn jù. Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, n kò sì ní fi ara pamọ́ fún yín.

2. Bí ẹ kò bá ní àyè láti kà á dé òpin, ọ̀rọ̀ náà rèé ní kúkúrú. Ọkọ mi kò mọ ògiri kùn. Kò kun ògiri rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Èmi ni mo kun èyí tí ẹ rí nínú fọ́tò. Ẹ ti pè é pé kó wá kun ògiri ní Kútọnu lójú àwọn àlejò ìjọba, ní Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ọjọ́ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ìmọ̀ Ọ̀pẹ. Ẹ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé ẹni tí ó bá parọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún ìjọba yóò bá òfin pàdé. Ó ti sá kúrò nílé. Mo ń bẹ̀rù pé wọn yóò mú un, kò sì ní padà wá mọ́.

3. Kí n wá tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ògiri dáadáa, ni àwa obìnrin Ẹsẹ̀ Òkè máa ń kun ilé. Ẹgbẹ́ Akunlé ni wọ́n ń pè wá. Àwa mẹ́sàn-án ni. Ìyá Perpétue, tí ojú wọn ti ń ṣú báyìí, ni olórí wa. Ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo wa ti kọ́ṣẹ́. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe àáró lóko ni àwa náà ń ṣe é: lónìí ilé tèmi, lọ́túnla ilé tìrẹ. Ẹnì kan ni ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ya àwòrán. Àwọn yòókù a wa ẹfun lábẹ́ àpáta, wọn a lọ ilẹ̀ pupa kúnná, wọn a se èèpo èso igi irú títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n tí yóò sì ki. Omi yẹn ni à ń dà lé àwòrán lórí kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ. Àṣàbí, ìyàwó Ràṣídì oníṣọ́ọ̀bù ní ọjà, ni ó ń bá wa wá ẹ̀lú fún àwọ̀ aró. Mùsùlùmí ni, kì í ya ẹranko, ewé àti ìlà nìkan ni ó ń yà, ṣùgbọ́n ní gbogbo òkè yìí kò sí ẹni tí ìlà rẹ̀ gún tó tirẹ̀.

4. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo ẹgbẹ́ yìí. Ní ọdún 1959, mo sin ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ mi kọ̀, kò fẹ́ gbé nǹkan kan mọ́. Ọdún kan gbáko ni ògiri ilé mi fi wà lásán. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò wí fún mi pé kí n mú ọkàn le. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, wọn a wá sí àgbàlá mi, wọn a lọ àwọ̀, wọn a gbé igbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọn a sì máa bá tiwọn lọ. Ní ọjọ́ kan, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo ti ìka bọ̀ ọ́. Gbogbo ohun tí mo ti yà láti ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n ni ín pẹ̀lú mi.

5. Ibí yìí ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í dárúkọ ẹni tí ó kun ògiri kí òjò àkọ́rọ̀ tó kan ògiri náà. Òjò ni adájọ́. Bí òjò bá rọ̀ tí àwòrán kò ṣí, Ìyá Perpétue a ti ọwọ́ ẹni tí ó kùn ún bọ ẹfun, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọn a sì dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo wa. Kó tó di ìgbà náà, bàálé ilé ni ó ń bá a gbé orúkọ náà dání. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, bàálé a ní òun ni. Kò sí ẹni tí ó ń pè é ní irọ́ níbí. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ọkọ́ mú ni, nígbà tí ọ̀rẹ́ lọ mu omi.

6. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì, Mùsíyé Léon tí ẹ rán jáde wá sí ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tò. Ó bá àwa obìnrin márùn-ún lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹfun ṣì wà ní èékánná mi. Ó béèrè ẹni tí ó kun ògiri náà, a wo ilẹ̀. Ó tún béèrè. Bóyá ó rò pé a kò gbọ́ ni, bóyá ó rò pé a gọ̀. Ibẹ̀ ni Benoît ti oko dé, ọkọ́ ní èjìká. Ojú tì í pé àlejò ń béèrè ọ̀rọ̀ ní àgbàlá òun tí ẹnì kan kò dá a lóhùn. Ó ní òun ni. Mùsíyé Léon bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó mú un dúró síwájú ògiri, ó sì ya fọ́tò. Ẹ fi ọ̀kan nínú fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ìwé ìpè, mo sì ti wò ó títí ojú fi ń ro mí. Mo wà nínú rẹ̀, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ní apá òsì, níbi tí fọ́tò ti gé, ọwọ́ obìnrin kan wà tí ó di igbá mú. Ọwọ́ mi nìyẹn.

7. Àṣìṣe wa ni pé ìdáhùn tí à ń fún ẹni tó ń kọjá lọ ni a fún ẹni tó mú kálámù dání. Mo gba ẹ̀bi yẹn. Ṣùgbọ́n, mo sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọjọ́ kan náà, Mùsíyé Léon lọ sí ilé Ràṣídì nínú ìlú. Oníṣòwò ni Ràṣídì, kò mọ̀ pé a ń bá ènìyàn gbé orúkọ dání. Ó sọ fún un láìfọ̀rọ̀ falẹ̀ pé epo òyìnbó àti ṣúgà ni òun ń tà, pé kó bi Àṣàbí, òun ló kun ògiri ilé àwọn. Mùsíyé Léon rẹ́rìn-ín, ó ní Ràṣídì kò fẹ́ yangàn ni, ó sì kọ orúkọ Ràṣídì sílẹ̀. Àṣàbí wà níbẹ̀, ó gbé omi fún un mu. Ẹni tó dákẹ́ àti ẹni tó sọ òótọ́, ibì kan náà ni kálámù gbé àwọn ìyàwó wọn sí.

8. Ìwé yín dé ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí. Désiré, tí ó ń kọ́ wa ní katikísímù, ni ó kà á fún wa. Nígbà tí ó dé ibi òfin, Benoît ní kó tún ibẹ̀ kà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí títí oòrùn fi yí. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ní ayé àwọn òyìnbó, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi pe bàbá rẹ̀ kó lọ la títì fún ìjọba ní tipátipá. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọmọ ọdún méje ni Benoît nígbà náà, òun ló bá bàbá rẹ̀ gbé àpò dé ìsàlẹ̀ òkè. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó sọ ibi tí wọ́n sin bàbá náà sí fún wa.

9. Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ó ní bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé òun ni, òun yóò kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ lẹ́yìn ilé, lára ògiri ilé ewúrẹ́. Ọwọ́ tí ó ń kọ ebè tó gún bí okùn kò lè fa ìlà kan ṣoṣo. Ẹtù tí ó yà dà bí ìkòkò tí ó ní ẹsẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí tí mo fi di ògiri mú. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ẹkún ni ó ń sun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni a ti fẹ́ra. N kò rí ẹkún rẹ̀ rí àfi ní ọjọ́ tí a sin ọmọ wa.

10. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ní ọ̀sán gangan, jíìpù kan dúró ní ìsàlẹ̀ òkè. Ọlọ́pàá méjì, àwọn tí à ń pè ní jàndámù, sọ̀kalẹ̀, wọ́n béèrè bóyá Benoît ti gba ìwé rẹ̀. Wọn kò na ẹnikẹ́ni, wọn kò bú ẹnikẹ́ni, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ yin ògiri náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba ní oṣù Kejìlá, ta ló mọ ohun tí jíìpù wá ṣe? Kí wọ́n tó yí ọkọ̀ wọn padà, Benoît ti gba ẹ̀yìn àpáta lọ.

11. N kò ní sọ ibi tí ó wà. Ẹ má bínú. Abà oko ni, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ó ń wúkọ́, wọ́n sì sọ fún mi pé oúnjẹ tí mo ń fi ránṣẹ́ kì í ju ìdajì lọ kó tó gbé e tì. Ní tèmi, bí ọkọ̀ tó ń lọ sí àríwá bá yí jíà lójú títì, ọwọ́ mi a dá lórí ọlọ. Mo ti kó aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Mo ń bẹ̀rù láti lọ sí ọjà, mo sì ń bẹ̀rù láti dúró sílé. Àwọn aládùúgbò kan ti ní kí n kúkú fọ ògiri náà kúrò kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé korobá omi dé ibẹ̀. N kò lè dà á.

12. Ẹ̀rù mìíràn tún wà, bóyá ẹ̀yin yóò fi rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tí mo ṣègbéyàwó, Àbíkẹ́, tí ó kọ́ṣẹ́ ṣáájú mi, dárúkọ ara rẹ̀ kí òjò tó dé. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò lè pa á mọ́ra. Kí iṣu tuntun tó jáde, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ. Fàdá ní àìsàn lásán ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń pọn omi fún Àbíkẹ́ títí di òní. Mo máa ń rí ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀, bí ó ṣe ń fi ọwọ́ òsì gbé e kúrò lójú oòrùn. Nítorí náà, bí ẹ óò bá tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ má sọ fún mi pé kò sí ohun tí mo lè máa bẹ̀rù.

13. Lánàá, lẹ́yìn Máàsì, ẹgbẹ́ pé jọ sí àgbàlá mi. Àwọn kan ní ká dúró de òjò, pé kò ní pẹ́ mọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ká kọ ìwé. Ṣùgbọ́n òjò kì í wo ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé ìpè. Nígbà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ títí, Ìyá Perpétue ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Wọ́n fọwọ́ bà á, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni ń yẹ iṣu wò. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí akọ̀wé yín kà ketekete: “Bí òjò bá pa àwòrán, a ó tún un kùn. Bí wọ́n bá pa Benoît, kí ni a ó fi tún un kùn?” Àṣàbí ní òun yóò gbé ìwé náà dé ìlú Paouignan fún awakọ̀ tí òun mọ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà mí láti mú un wọ inú ìlú níbí. Gbogbo wọn sì fẹnu kò pé bí ìyà bá wà nínú dídárúkọ yìí, kí ó pín sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, bí a ṣe ń pín iṣẹ́.

14. Nítorí náà mo dárúkọ. Èmi, Euphrasie, ni mo kun ògiri ilé Benoît. Òjò kò tíì rọ̀.

15. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo fọ́tò náà. Ẹtù méje ni ó tò lọ sí ibi odò. Ẹkẹta láti ọwọ́ òsì sanra díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀bọ ni mo kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Ojú rẹ̀ jọ ti arákùnrin ọkọ mi kan, mo sì fi ẹfun bò ó kí ìjà má baà dé. Benoît kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ rán ẹnikẹ́ni wá, kí ó fi ọ̀bẹ ha ẹtù náà díẹ̀díẹ̀, ojú ọ̀bọ yóò yọ. Mo yọ̀ǹda kí ẹ ba ibẹ̀ jẹ́. Èyí tí n kò lè yọ̀ǹda ni ọkọ mi.

16. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Àkọ́kọ́, ẹ fagi lé ìwé ìpè tí ó jẹ́ ti Benoît, kí ẹ sì fi ìwé mìíràn sọ ọ́ lédè Faransé, èyí tí jàndámù lè kà, pé kò jẹ gbèsè òfin kankan. Ìkejì, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ fọ́tò náà, kí ẹ kọ orúkọ mi, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa lé tèmi: Ẹgbẹ́ Akunlé Ẹsẹ̀ Òkè, tí Ìyá Perpétue jẹ́ olórí rẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ fi orúkọ Àṣàbí sípò ti Ràṣídì. Ràṣídì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún èyí láti ọjọ́ kìíní, òun nìkan ni ọkùnrin tí mo mọ̀ tí ó ń bá ìjọba jà kí wọ́n má baà yìn ín.

17. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹni tí yóò kun ògiri lójú àwọn àlejò, èmi yóò wá. N kò dé Kútọnu rí, mo sì ń bẹ̀rù ibẹ̀, ṣùgbọ́n n ó wá. Ẹ jẹ́ kí mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ bá mi wá, nítorí kò sí ẹni tí ó ń kun ògiri lóun nìkan. Bí ó bá sì jẹ́ dandan kí ẹnì kan bá òfin pàdé, èmi ni kí ó bá pàdé. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Benoît kò ṣe ju pé ó gbé orúkọ mi dání fún mi, ó sì ti wúwo jù fún un.

18. Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni mo sì bẹ̀ yín fún jù lọ. Ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí kí ẹ fi rán awakọ̀ èyíkéyìí sí ṣọ́ọ̀bù Ràṣídì. Ẹ má fi jíìpù gbé e wá. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ìròyìn ayọ̀ ni, ẹ má fi jíìpù gbé e wá. Benoît ní ẹni tí ó ń ṣọ́nà fún un lórí àpáta. Bí wọ́n bá rí jíìpù ní ìsàlẹ̀ òkè, yóò tún sá síwájú sí i, n kò sì ní mọ ibi tí n ó gba láti lọ sọ fún un pé ẹ ti dárí jì í.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù gbọ́ mi dé ibí. Àmì ọwọ́ funfun tí ẹ rí nísàlẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé mi ni ó yẹ kó wà, lẹ́yìn òjò. Ìyá Perpétue ni wọ́n fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé yín ní òwúrọ̀ yìí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù,

Euphrasie,
ìyàwó Benoît,
akunlé.